Susanne Wenger (Àdùnní Olórìṣà) àti Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo

Awalẹ̀pìtàn a máa gbẹ́ ilẹ̀, a fọ ohun tí ó bá rí níbẹ̀, a kọ nọ́ńbà sí i lára, a sì gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Báyìí ni Frank Willett ṣe ní Ìta Yemòó ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ní àkókò kan náà, ní Òṣogbo tí kò jìnnà sí ibẹ̀, obìnrin kan láti ilẹ̀ Austria ń gba ọ̀nà mìíràn tọ́jú ohun àtijọ́. Kò gbẹ́ ilẹ̀, kò sì gbé ohunkóhun lọ. Ó dúró ti ojúbọ tí ń wó lọ, ó sì ń mọ tuntun sí ibi tí ti àtijọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Obìnrin náà ni Susanne Wenger, ẹni tí tọmọdé tàgbà Òṣogbo mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà. Bóyá ohun tí ó ṣe tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà kò tíì tán nílẹ̀ títí di òní.

Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1915 ni a bí i ní ìlú Graz. Olùkọ́ ni bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ ìkòkò mímọ wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ kọ́ ní Graz kí ó tó lọ sí Vienna láti kọ́ iṣẹ́ ọnà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, ó wà lára àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Vienna ní ọdún 1947. Ní Paris ni ó ti pàdé Ulli Beier ní ọdún 1949. Nígbà tí Beier rí iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìbàdàn, àwọn méjèèjì jọ wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1950.

Kò pẹ́ tí ó dé tí ikọ́ ẹ̀gbẹ dá a dùbúlẹ̀. Àìsàn náà le púpọ̀, ó sì pẹ́ lára rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, wọ́n kó kúrò láàrin àwọn òyìnbó yunifásítì lọ sí Ẹdẹ. Níbẹ̀ ni ó ti bá Ajagẹmọ pàdé, àwòrò Ọbàtálá. Ajagẹmọ kò gbọ́ èdè òyìnbó, Wenger kò sì tíì gbọ́ Yorùbá. Síbẹ̀ wọ́n gbọ́ ara wọn yé, ọwọ́ Ajagẹmọ sì ni ó gbà wọ inú ẹ̀sìn òrìṣà. Láti Ẹdẹ wọ́n lọ sí Ìlobùú, lẹ́yìn náà wọ́n dé Òṣogbo. Òun àti Beier kọ ara wọn sílẹ̀, ó sì fẹ́ onílù kan, Àyánṣọlá Oníru.

Igbó Ọ̀ṣun tí ó bá nílẹ̀ kì í ṣe èyí tí a mọ̀ lónìí. Ìtàn ìlú sọ pé létí odò yìí ni Láróòyè àti Tìmẹ́hìn kọ́kọ́ tẹ̀dó sí kí ìlú tó sún lọ síbi tí ó wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Wenger fi dé, ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ti wọ ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́ àti Ìmàle, àwọn àwòrò ti dín kù, ikán sì ti ń jẹ òpó ojúbọ. Èèwọ̀ ni kí a pẹja, kí a dọdẹ tàbí kí a gé igi níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ti ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tí ń wá ilẹ̀ tà pẹ̀lú ti fojú sí i lára. Pẹ̀lú ìfọwọ́sí Àtáọ́ja ìgbà náà, Ọba Adénlé, Wenger bẹ̀rẹ̀ sí í tún ojúbọ kọ́.

Kò dá a ṣe. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí. Bùráímọ̀ Gbádámọ́sí ń gbẹ́ òkúta àti igi. Agbẹ́gilére ni Kàsálí Àkàǹgbé, Sàká Àrẹ̀mú sì ń fi sìmẹ́ńtì mọ ère. Wenger kò sọ wọ́n di akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò máa da tirẹ̀ kọ. Olúkúlùkù ni ó ní ọwọ́ tirẹ̀. Láàrin wọn ni ilédì Ògbóni ti jáde, èyí tí òrùlé rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nà sókè bí alángbá tí ó gbórí sókè. Níbẹ̀ náà ni ère ńlá Ìyá Mòòpó wà, òrìṣà àwọn obìnrin amọ̀kòkò àti aláró. Ẹni tí ó bá rántí iṣẹ́ tí Wenger kọ́ ní Graz kò ní ṣàì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Níhìn-ín a gbọ́dọ̀ ya àṣìṣe kan sọ́tọ̀, nítorí ó wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ayàwòrán bíi Twins Seven Seven, Múráínà Oyèlámì àti Jímọ̀ Bùráímọ̀ kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn Wenger. Inú ẹgbẹ́ Mbari Mbayo, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1962, ni wọ́n ti jáde, lábẹ́ ìtọ́jú Ulli àti Georgina Beier. Ẹgbẹ́ tiwọn kò rọ̀ mọ́ òrìṣà bíbọ. Ti Wenger kò sí láìsí i.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án pọ̀. Wọ́n ní àwọn bàbá wa kì í mọ ère sìmẹ́ńtì gogoro sí gbangba. Wọ́n ní ojú òyìnbó ni ó fi wo òrìṣà. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Bí ẹni tí ó ti Ọ̀fàtẹ̀dó wọ Òṣogbo bá débẹ̀ tí ó ń wá ohun tí Láróòyè fojú rí, kì í ṣe ère wọ̀nyí ni yóò fi hàn án. Ṣùgbọ́n ní tiwa, a rò pé ẹjọ́ náà kò pé bí a kò bá bèèrè ohun tí ì bá wà níbẹ̀ ká ní kò mọ wọ́n. Ère tí ó ga ju ènìyàn lọ kì í jẹ́ kí ẹni tí ń wá ilẹ̀ tà sọ pé igbó lásán ni.

Ní ọdún 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1992, wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo hẹ́kítà 75. Ní ọdún 2005, UNESCO kọ ọ́ sínú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé, ìkejì ní Nàìjíríà lẹ́yìn Sukur. Iṣẹ́ tuntun tí Wenger àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe sì wà lára ìdí tí àjọ náà tò sílẹ̀. Awalẹ̀pìtàn náà kò ṣàì débẹ̀: Akínwùmí Ògúndìran ti ṣe ìwádìí ibùdó Òṣogbo ìgbà ìwáṣẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ilé ì bá ti bò.

Ilé alájà kan ní òpópónà Ìbòkun ni Àdùnní ń gbé, láàrin ère àti àwọn ọmọ tí ó gbà tọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Ṣàngódáre Àjàlá, tí ó di gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ àdìrẹ. Níbẹ̀ ni ó gbé títí ó fi kú ní Òṣogbo ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kìíní ọdún 2009, ní ẹni ọdún 93. Òjò àti ewédò kò sinmi lára ère rẹ̀. Àwọn tí wọ́n bá a mọ wọ́n ni wọ́n tún gbé ọwọ́ lé àtúnṣe wọn.