Waylon Jennings: Olórin tí wọ́n pè ní arúfin, àmọ́ tí ọkàn rẹ̀ rọ̀

Àwọn àgbà ní orúkọ a máa ro ọmọ. Ṣùgbọ́n ní ti Waylon Jennings, gbajúgbajà olórin kọ́ńtìrì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, orúkọ tí wọ́n fún un bo ìdajì ìwà rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Láti ọdún 1976 tí àwo Wanted! The Outlaws ti jáde, arúfin ni wọ́n ń pè é. Àwo náà ni àkọ́kọ́ nínú orin kọ́ńtìrì tí wọ́n kà sí èyí tó tà tó mílíọ̀nù kan. Irùngbọ̀n, àkẹtẹ̀ dúdú àti ohùn líle ni àwọn èèyàn fi ń dá a mọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fetí sí àwọn àwo rẹ̀ tí kò lókìkí yóò rí i pé aláàánú èèyàn ni.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹfà, ọdún 1937 ni wọ́n bí i sí ìlú Littlefield, ní ìpínlẹ̀ Texas. Inú ìṣẹ́ ló dàgbà sí, ó sì ṣa òwú lóko. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ́ ọ ní jìtá. Kò parí ilé-ìwé tó fi di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lórí rédíò.

Ní ọdún 1959, ó ń bá Buddy Holly ta jìtá káàkiri. Lóṣù Kejì ọdún náà, ó yẹ kó bá Holly wọ bàálù kékeré kan ní Iowa, ṣùgbọ́n ara J. P. Richardson, olórin ẹlẹgbẹ́ wọn, kò yá, òtútù inú bọ́ọ̀sì sì pọ̀. Waylon fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Holly fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí bọ́ọ̀sì rẹ̀ dì sójú ọ̀nà. Òun náà fi àwàdà dá a lóhùn pé kí bàálù tiwọn já. Bàálù náà já lóòótọ́, kò sì sẹ́ni tó yè nínú àwọn mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gún un lọ́kàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi bíi pé ẹnu òun lòun fi pa ọ̀rẹ́ òun.

Ọdún 1965 ni ilé-iṣẹ́ RCA gbà á. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ló gbé orin Jim Reeves jáde, ẹni tí àwọn àgbà ní Nàìjíríà mọ̀ dáadáa. Àwo tí Waylon ṣe níbẹ̀ kí okìkí rẹ̀ tó kàn lé ní mẹ́wàá, àwọn wọ̀nyí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fò dá. Ọ̀kan ni Love of the Common People, ti ọdún 1967. Orin tí wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ dá lórí ìdílé tí kò lówó lọ́wọ́, àmọ́ tí ìfẹ́ so pọ̀. Àwọn Navajo, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n máa ń ní kó tún un kọ léraléra. Ní ọdún 1969, òun àti ẹgbẹ́ The Kimberlys ṣe Country-Folk. MacArthur Park, orin nípa ìfẹ́ tó forí ṣánpọ́n, ló fi gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy rẹ̀ àkọ́kọ́.

Kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ arúfin yìí? Kò jalè, kò sì pààyàn. Ní Nashville nígbà náà, ilé-iṣẹ́ ló ń pinnu orin tí olórin yóò kọ àti àwọn tí yóò lù ú. Lẹ́yìn tí àrùn ẹ̀dọ̀ dá a dùbúlẹ̀ ní ọdún 1972, Waylon jà fún àdéhùn tuntun, ó sì gba àṣẹ láti ṣe orin rẹ̀ bó ṣe fẹ́. Ó fi òmìnira náà ṣe Dreaming My Dreams ní ọdún 1975, àwo tó tutù, tó kún fún ìfẹ́ àti àárò. Òun ló fẹ́ràn jù nínú gbogbo àwo rẹ̀.

Òótọ́ ni pé ó ní àléébù. Ìgbéyàwó mẹ́ta ló ti tú ká kó tó fẹ́ Jessi Colter, olórin bíi tirẹ̀, ní ọdún 1969. Kokéènì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bayé rẹ̀ jẹ́. Jessi kò fi í sílẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ṣe Leather and Lace ní ọdún 1981. Ní ọdún 1984 ló jáwọ́ nínú kokéènì. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ló ṣe A Man Called Hoss, níbi tó ti fi orin sọ ìtàn ayé rẹ̀ ní orí-orí bí ìwé, bẹ̀rẹ̀ láti Littlefield.

Nígbà tó di ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, ó ṣe ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ girama tó fi sílẹ̀ nígbà èwe, kí Shooter, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, lè mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ṣe pàtàkì. Ní ọdún 1993, ó ṣe Cowboys, Sisters, Rascals & Dirt, àwo orin ọmọdé. Ohùn tí gbogbo ayé ní ti arúfin ni ló fi ń dá àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lára yá.

Àrùn àtọ̀gbẹ ló mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ní oṣù Kejìlá, ọdún 2001. Ó jáde láyé ní Chandler, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kejì, ọdún 2002, lẹ́ni ọdún 64. Ọdún mẹ́tàlélógójì ló lò láyé lẹ́yìn bàálù tí kò wọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe lò ó, kó má fi ti àkẹtẹ̀ dúdú ṣe. Àwọn àwo tí kò lókìkí wọ̀nyẹn ni kó lọ gbọ́.