Matthias Hohner

Matthias Hohner (12 Oṣù Kejìlá, 1833 – 11 Oṣù Kejìlá, 1902) jẹ́ oníṣẹ́ aago àti oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Òun ni ó dá ilé-iṣẹ́ Hohner sílẹ̀ ní ìlú Trossingen ní ọdún 1857 láti máa ṣe hàmóníkà, ìyẹn ohun-èlò orin kékeré tí a ń fi ẹnu fọn. Òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe hàmóníkà. Wọ́n ti ń ṣe é ní Vienna àti ní Trossingen fúnra rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó sọ ọ́ di olókìkí ni pé ó sọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìdílé díẹ̀ di iṣẹ́ tó kárí ayé.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀

Trossingen ni wọ́n bí Hohner sí, nígbà tí ìlú náà wà lábẹ́ ìjọba Württemberg. Kò jìnnà sí Schwarzwald, agbègbè onígbó tí àwọn ènìyàn ti ń fi igi ṣe aago tà, iṣẹ́ aago náà sì ni Hohner kọ́kọ́ kọ́. Ṣáájú rẹ̀, Christian Messner ti ń ṣe hàmóníkà ní ìlú náà, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kò sì fẹ́ kí àjèjì mọ àṣírí rẹ̀. Hohner a máa yà sí ilé-iṣẹ́ Christian Weiss, tí òun náà ń ṣe hàmóníkà, a sì máa wo ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí Weiss fura pé àbẹ̀wò náà kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ lásán, ó lé e jáde. Weiss ní ìdí láti bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́: ohun tí Hohner ti rí ti tó o.

Òòyà igi

Láàárín hàmóníkà ni igi pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n gé ojú ihò sí. Nítorí pé ó léyín bí ìyàrun, òòyà ni àwọn tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Àwo idẹ méjì ni wọ́n ń kàn mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ahọ́n idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára àwo wọ̀nyí ni ó ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde. Bí ojú òòyà kò bá tẹ́jú, afẹ́fẹ́ yóò máa jò láàárín igi àti idẹ, ahọ́n yóò sì lọ́ra láti dáhùn. Nítorí náà, wọ́n ní láti fá igi náà títí tí idẹ yóò fi jókòó lé e láìsí àlàfo, kí wọ́n sì dán etí rẹ̀ kí ẹ̀ẹ́rún igi má baà gún ètè.

Igi pear ni ilé-iṣẹ́ Hohner lò jù fún èyí (pear ti ilẹ̀ Yúróòpù ni, kì í ṣe píà tí wọ́n ń jẹ ní Nàìjíríà). Ó le, ara rẹ̀ sì kúnná, nítorí náà kì í tètè fọ́ nígbà tí wọ́n bá ń gé eyín sí i. Síbẹ̀, igi ni. Itọ́ àti èémí a máa wọ̀ ọ́, a sì wú, débi pé eyín rẹ̀ lè yọ síta kọjá àwo idẹ kí ó sì gé afọnhàmóníkà ní ètè. Bí ó bá gbẹ, a tún fún, ó sì lè là.

Ìdàgbàsókè ilé-iṣẹ́

Ní ọdún àkọ́kọ́, hàmóníkà 650 ni wọ́n ṣe, nígbà tí Hohner àti Anna ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ilé wọn pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́. Láti àwọn ọdún 1860 ni ó ti ń fi ọjà ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ará Jámánì ti ṣí lọ, ibẹ̀ sì di ọjà rẹ̀ tó tóbi jù. Nígbà tó yá, ó ra ẹ̀rọ tí oru omi ń yí. Ẹ̀rọ lè gé igi, ó sì lè tẹ idẹ, àmọ́ kò lè parí iṣẹ́. Wọ́n ń pín èyí tó kù fún àwọn ìdílé ní Trossingen àti ní àwọn abúlé àyíká láti ṣe é nílé, àwọn obìnrin àti ọmọdé sì wà lára wọn. Ìtàn Hohner sábà máa ń fò wọ́n dá, bẹ́ẹ̀ sì ni láìsí wọn, iye náà kò lè dé ibi tó dé: ní ọdún 1887, ó ti ju mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Orúkọ Hohner nìkan ni ó wà lára ìbòrí wọn.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ àti lẹ́yìn ikú rẹ̀

Ní ọdún 1896 ni hàmóníkà Marine Band jáde, oníhò mẹ́wàá, tí ó ní òòyà igi pear. Ní ọdún 1900, Hohner fa ilé-iṣẹ́ lé àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ márùn-ún lọ́wọ́. Ó kú ní Trossingen nígbà tí ó ku ọjọ́ kan kí ó pé ọmọ ọdún 69.

Marine Band di ààyò àwọn olórin blues ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n wíwú òòyà rẹ̀ kò kúrò, nítorí pé wọn kò fi ohun tó ń dí omi pa igi náà lára. Àwọn olórin àti àwọn tó ń tún hàmóníkà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìṣó rẹ̀ fúnra wọn; wọ́n ń fi pépà oníyanrìn fá òòyà lórí ohun tó tẹ́jú bíi gíláàsì, wọ́n sì ń fi òróró, ìda oyin tàbí fáníìṣì pa á. Ní ọ̀rúndún 21 ni ilé-iṣẹ́ Hohner fúnra rẹ̀ wá ṣe Marine Band Deluxe, tí wọ́n ti dí ojú igi pear rẹ̀ kí ó tó dé ọjà, àti Marine Band Crossover, tí òòyà tirẹ̀ jẹ́ ọparun.