Hubert Ògúndé àti Òfin Tó Fẹ́ Pa Á Lẹ́nu Mọ́

Bí a bá dárúkọ Hubert Ògúndé, àjẹ́ àti oṣó inú fíìmù Aiyé ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kí fíìmù tó dé, ọkùnrin yìí ti fojú winá nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, lọ́wọ́ ìjọba òyìnbó àti lọ́wọ́ ìjọba àwọn èèyàn tiwa náà.

Ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1916 ni wọ́n bí i ní Ọ̀sọ́sà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ṣe tíṣà, ó sì ṣe ọlọ́pàá. Ní 1944, ó ṣe eré ìjọ kan l'Ékòó. Àwọn èèyàn gba tirẹ̀ débi pé ní 1945 ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀.

Ọdún náà ni àwọn òṣìṣẹ́ yanṣẹ́ lódì káàkiri Nàìjíríà nítorí owó oṣù tí kò tó jẹun. Ògúndé fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe eré, ó pè é ní Strike and Hunger. Nígbà tó gbé e dé Jos ní 1946, ìjọba fòfin dè é. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà 21 ní Enugu. Ògúndé tún fi ìyẹn ṣe Bread and Bullet ní 1950. Ní Kano, wọ́n fòfin de òun náà. Àwa tí a dàgbà ní Òkè Ọya mọ Jos àti Kano bí ẹní mowó. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ojú bàbá yìí rí níbẹ̀.

Òmìnira dé ní 1960. Ọ̀pọ̀ rò pé ìyẹn ti parí. Ní 1964, Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin ní kí Ògúndé wá ṣeré fún àwọn n'Íbàdàn. Ó ṣe Yorùbá Ronú, ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo ayé mọ ìjà tó wà láàárín Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá. Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, wà níbẹ̀. Inú bí i, ó dìde jáde. Láìpẹ́, ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré náà jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn. Ògúndé kò dákẹ́. Èkó kò sí lábẹ́ òfin yẹn, ó sì fi eré mìíràn fèsì, Òtítọ́ Korò.

Ẹ jẹ́ ká gba ti ìjọba náà rò. Ìlú gbóná nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ sì lè di iná. Bí eré yẹn bá ní kí wọ́n lọ sun ilé ẹnìkan, ìjọba ì bá jàre láti dá a dúró, nítorí òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ kì í ṣe àṣẹ láti pa ọmọnìkejì lára. Bó bá sì pa irọ́ mọ́ ẹnìkan, kóòtù wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn kò gbọdọ̀ jẹ́ olùpẹ̀jọ́ kó tún jẹ́ adájọ́. Àbí òfin náà mú kí ìlú tòrò? Lẹ́yìn ìbò 1965 ni wẹ́tíẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń sun ilé, tí wọ́n ń sun èèyàn. Ẹni tó ní kí Yorùbá ronú kọ́ ló fa ìyẹn. Ìbò tí wọ́n yí ló fà á.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé ìjọba ológun, lábẹ́ Fájuyì, ló mú òfin náà kúrò ní 1966. Ohun tí alágbádá dè, ológun ló tú u. Ìtìjú gbáà ni fún ìjọba tiwa-n-tiwa.

Ògúndé kú ní London ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1990. Àwa tó kù ńkọ́? Lọ́jọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ wa, bí ẹnìkan bá dìde láti béèrè bí a ṣe ná owó, ẹ má pariwo lé e lórí. Bó bá purọ́, ẹ fi ìwé owó hàn án. Bó bá sòótọ́, ẹ fara gbà á. Ẹ ṣáà jẹ́ kó sọ ọ́ tán.