Olówè, agbẹ́gilére àwọn ọba

Ẹni tí ó bá ti Adakplamè kọjú sí ìlà-oòrùn, tí ó ré ààlà Nàìjíríà kọjá, tí ó sì rìn jìnnà, yóò dé ilẹ̀ Èkìtì. Ibẹ̀ ni Olówè ti ṣiṣẹ́. Nínú àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ Yorùbá tí a mọ orúkọ wọn, díẹ̀ ni òkìkí wọn kàn tó tirẹ̀.

Wọ́n bí i ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè ní nǹkan bí ọdún 1873. Nígbà tí ó yá, ó lọ sí ìlú Ìsẹ̀, ó sì di ìránṣẹ́ Arínjalẹ̀, ọba ìlú náà. Ọba fi iṣẹ́ ọnà ààfin lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, àwọn ọba mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pè é. Ó gbẹ́ igi fún ààfin Ìkẹ́rẹ́, Àkúrẹ́, Iléṣà àti Ìdànrè.

Iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Ère tí ó gbẹ́ sára ilẹ̀kùn kì í pẹrẹsẹ. Ó máa ń yọ jáde bí ẹni tí ó fẹ́ rìn. Ọpọ́n kan tí ó gbẹ́ wà ní Washington lónìí. Láàrin àwọn ère tí ó gbé ọpọ́n náà, orí kan wà tí ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n tí kò ṣeé yọ. Olówè kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kò sì kàn án mọ́ ọn. Láti inú igi kan ṣoṣo ni ó ti gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá ṣìnà lẹ́ẹ̀kan, gbogbo iṣẹ́ bàjẹ́.

Láàrin ọdún 1910 sí 1914, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ní apá kan, Ògògà jókòó tòun ti adé, aya rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, Captain Ambrose, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, ń bọ̀ wá kí ọba. Àwọn agbẹ́rù ni wọ́n gbé e. Àlejò ń bọ̀, ọba kò dìde.

Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ibi àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní London. British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn, fẹ́ rà á. Ògògà kò gba owó. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ṣe pàṣípààrọ̀. Olówè sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan náà ni iṣẹ́ wúrà àwọn Anglo-Saxon wà, àwọn baba ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1939 ni wọ́n wú u nínú ilẹ̀ ní Sutton Hoo, nínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi sin ènìyàn ńlá kan ní nǹkan bí 1400 ọdún sẹ́yìn. Ìdè ìgbànú wúrà kan wà nínú rẹ̀, tí àwòrán ejò àti ẹranko lọ́ mọ́ra wọn lára rẹ̀. Ẹwà rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ alágbẹ̀dẹ tí ó rọ ọ́.

Olówè kú ní ọdún 1938. Orúkọ tirẹ̀ kò sọnù. Ní ọdún 1988, lẹ́yìn 50 ọdún, ọ̀kan nínú àwọn aya rẹ̀ ki oríkì rẹ̀ fún John Pemberton, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà. Àwọn ààfin tí ó ṣiṣẹ́ fún wà nínú oríkì náà. Ní ọdún 1998, wọ́n ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ní Washington, orúkọ rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀.

Ilẹ̀ Kétu náà ní iṣẹ́ igi. Ní ọdún 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye fún gbogbo ayé. Gbogbo ojú ló ń wo ère lórí oníjó. Ta ni ó ń béèrè ẹni tí ó gbẹ́ ẹ? Ẹnu aya ni ó pa orúkọ Olówè mọ́. Ẹni tí ó ti mọ̀wé kọ lónìí lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ agbẹ́gilére ìlú rẹ̀ sílẹ̀, kí ó tó di ìgbàgbé.