J. K. Coker: Olóko kòkó tó kọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́, tó tún fi Bíbélì lé e lọ́wọ́



Ní Ẹmùrẹ́-Èkìtì tí mo ti ń kọ èyí, ohun méjì wà tí ojú èèyàn kì í wọ́n: kòkó tí wọ́n sá sílẹ̀ àti ilé ìjọsìn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé láti ìgbà tí aláyé ti dáyé ni àwọn méjèèjì ti wà níbí. Irọ́ ni. Àlejò ni kòkó nílẹ̀ wa, àlejò náà ni ẹ̀sìn Kristẹni. Onírúurú ọ̀nà ni wọ́n gbà wọlé, àmọ́ ọ̀kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kì í sábà gbọ́ nípa rẹ̀: ẹsẹ̀ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó kúrò ní Èkìtì lọ ṣe lébìrà lóko ní ẹ̀yìn Èkó, tí wọ́n wá padà sílé. Lára àwọn ọ̀gá tí wọ́n lọ bá ni Jacob Kẹ́hìndé Coker.

Kí ló mú mi rántí bàbá yìí? Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ìròyìn kan tí mi ò ní dárúkọ. Àràárọ̀ la máa ń gbàdúrà níbẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sì ń dá orin. Oṣù méje ni mi ò fi gba kọ́bọ̀. Tí mo bá béèrè, wọ́n á ní kí n ní ìgbàgbọ́. Ìgbà tí mo kúrò níbẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá ṣiṣẹ́ ara mi. Ìbéèrè kan kò sì fi mí lọ́rùn sílẹ̀ látìgbà yẹn: ṣé ọ̀tọ̀ ni ìgbàgbọ́, ọ̀tọ̀ ni òwò ni? Ìtàn Coker ló bá mi dáhùn díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọdún 1866 ni wọ́n bí i. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ aṣáájú láàárín àwọn Kristẹni Abẹ́òkúta. Nígbà tó dàgbà, ó wá ṣòwò l'Ékòó, ní Marina. Marina ìgbà yẹn ni ojú ọjà gan-an. Ibẹ̀ ni epo pupa àti èkùrọ́ ti ń wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ìlú òyìnbó, ibẹ̀ náà ni aṣọ àti ọjà òkèèrè ti ń sọ̀ kalẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ, nǹkan kò rọgbọ mọ́ fún àwọn oníṣòwò dúdú. Owó epo já wálẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó sì ń fún wọn mọ́ ògiri. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ gbèsè.

Ẹni tó ti kọ́kọ́ rí ọ̀nà àbáyọ ni James Pinson Labulo Davies, ọ̀gá ọkọ̀ òkun tó di oníṣòwò ńlá. Òwò tirẹ̀ ti fọ́ ṣáájú, láàárín ọdún 1870 sí 1880. Kò jókòó sunkún. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1880, ó ti lọ gbin kòkó sí Ìjan, nítòsí Agége. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni irúgbìn àti ìmọ̀ kòkó ti dé ọwọ́ Coker. Coker gba ilẹ̀ sí Ìfàkò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbin kòkó, ó sì ń gbin obì. Nígbà tí reluwé Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1901, ojú irin kọjá ní Agége, ọ̀nà ọjà sì là fún wọn.

Ọdún 1901 yẹn kan náà ni wàhálà ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Coker ni wọ́dìn tí ìjọ yàn ní St. Paul's, Breadfruit, l'Ékòó. Ẹ jẹ́ mọ iṣẹ́ wọ́dìn: òun ló ń bójú tó owó àti nǹkan ìní ìjọ. Pásítọ̀ wọn tẹ́lẹ̀, James Johnson, ni wọ́n ti fi jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1900. Ọ̀nà tí Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell gbà yọ ọ́ kúrò ní Breadfruit bí ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ nínú gan-an. Wọ́n ní àwọn tí àwọn ń náwó sí ìjọ yẹ kó lẹ́nu nínú bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Coker kó èrò jáde, wọ́n sì dá Bethel sílẹ̀, ọ̀kan lára ìpìlẹ̀ African Church. Johnson fúnra rẹ̀ kò tẹ̀ lé wọn, inú Áńgílíkà ló kú sí ní 1917.

Ó rọrùn láti bínú jáde. Owó ilé ìjọsìn tuntun ńkọ́? Owó oṣù pásítọ̀ ńkọ́? Kò sí ẹni tó máa fi nǹkan ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Oko Ìfàkò wá di ọ̀kan lára àpò tí ìjọ ń mú owó nínú rẹ̀. Ohun tí kòkó bá pa wọlé, Coker á mú nínú rẹ̀ sí ìjọ. Ó tún kó àwọn olóko Agége jọ, wọ́n dá Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907, òun sì ni olórí wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan Èkìtì nìyí. Ogun Kírìjì ti parí, ọ̀nà ti là, àwọn ọ̀dọ́ ń wá ohun tí wọ́n máa fi ọwọ́ wọn ṣe. Wọ́n wá sí Agége láti Èkìtì, láti Oǹdó, láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Lóko, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irúgbìn, bí igi kan ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí èkejì, bí wọ́n ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ kó tó di pé wọ́n sá a. Lóko yẹn kan náà, àdúrà wà, ìwàásù wà, wọ́n sì ń kọ́ èèyàn láti ka Bíbélì Yorùbá, èyí tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní 1884. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ń padà sílé, ó ń gbé irúgbìn kòkó lọ, ó sì ń gbé ẹ̀sìn lọ. Níbòmíràn, ẹni tó kọ́kọ́ gbin kòkó lábúlé ló tún kó èèyàn jọ fún ìsìn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí bí oníṣòwò. Ọ̀gá tó bá kọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní gbogbo àṣírí iṣẹ́, tó tún jẹ́ kó gbé irúgbìn lọ sílé, ó ń bí ẹni tó máa bá a du ọjà lọ́la. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló máa fi àṣírí iṣẹ́ pa mọ́. Ẹ mọ àwọn ọ̀gá tí ọmọ iṣẹ́ ti lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ wọn, tí wọn ò fẹ́ fún un ní fírídọ́ọ̀mù. Àmọ́ ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi pe àwọn tó tẹ̀ lé Jésù: ọmọ-ẹ̀yìn. Ẹni tó ń rìn lẹ́yìn ọ̀gá, tó ń wo ọwọ́ rẹ̀, ni. Ìdí iṣẹ́ ni Jésù ti pe àwọn apẹja, ibi tí wọ́n ti ń gba owó orí ló ti pe Mátíù. Ó kọ́ wọn, ó sì rán wọn lọ láti máa ṣe ohun tí òun ń ṣe. Ta ni ò mọ̀ pé fírídọ́ọ̀mù nìyẹn? Ohun tí mo rí kọ́ lára Coker ni pé kò sí odi láàárín ọmọ-ẹ̀yìn àti ọmọ iṣẹ́. Ojú kan náà ni wọ́n jókòó sí.

Mi ò sọ pé áńgẹ́lì ni o. Ọ̀gá oko ni, iṣẹ́ oko ló sì sọ ọ́ di olówó. Ìparí ọdún ni ọ̀pọ̀ lébìrà Agége ń gba owó wọn, ẹni tó bá ti retí owó fún oṣù méjìlá á mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. African Church tún gba oníyàwó púpọ̀ mọ́ra, Coker sì gbèjà rẹ̀ ní gbangba. Ìyẹn kò dùn mọ́ àwọn ìjọ míì nínú.

Òwò náà kò sì dúró síbi kan. Ogun àgbáyé kìíní dín iye ọkọ̀ òkun tó ń kó ọjà kù. Ní 1920 sí 1921, owó irè oko já wálẹ̀ lójijì káàkiri àgbáyé. Ilẹ̀ Agége ti ń rẹ̀, kòkó ibẹ̀ kò sì padà bọ̀ sípò mọ́. Ní 1945 tí Coker kú, kì í ṣe Agége ni wọ́n ń pè ní ilẹ̀ kòkó mọ́. Oǹdó, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ni, ọ̀dọ̀ àwọn tó ti wá ṣe lébìrà. Lónìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Ìfàkò mọ̀ pé ilé lórí ilé ni. Igi kòkó dà? Ó wà lọ́dọ̀ wa níbí.

Ìyẹn ni mo fi ń sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ kọ orúkọ Ọlọ́run sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, tẹ́ ẹ ń fi ẹsẹ Bíbélì sí státọ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó pọ́n ọjà. Kò burú. Àmọ́ oníbàárà kì í ka ìyẹn tó bó ṣe ń wo òṣùwọ̀n yín. Ọmọ iṣẹ́ yín ò ní rántí àdúrà òwúrọ̀ tó bó ṣe máa rántí ọjọ́ tẹ́ ẹ san owó rẹ̀, àti ohun tẹ́ ẹ kọ́ ọ kó tó lọ.

Mo ń kọ ìtàn yìí dé àárín nígbà tí mo rántí ọmọbìnrin tó ń bá mi gé fídíò. Mo jẹ ẹ́ ní owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé Ọlọ́run máa ṣe é. Ojú tì mí. Mo gbé fóònù, mo fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, mo wá padà sídìí ohun tí mo ń kọ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo máa kọ́ ọ bí mo ṣe ń wá ìpolówó ọjà. Tó bá fẹ́ lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, kó máa lọ.