Benjamin Graham, Olùkọ́ Tí Ó Ń Yẹ Ìwé Wò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ti oríṣìíríṣìí ilẹ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ fún yín, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó mú mi wá ìtàn náà kàn.

Ìlú Douala, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé kí n tó wá síhìn-ín. Ní ìlú èbúté yìí, tí ó wà létí odò Wouri, ni a ṣí ọjà ìpín ìdókòwò sí ní ọdún 2003. Ẹni tí ó bá ra ìpín ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́ náà, bí ìpín rẹ̀ tilẹ̀ kéré bí hóró àgbàdo. SEMC, ilé-iṣẹ́ omi inú ìgò, ni ó kọ́kọ́ dé ọjà náà ní ọdún 2006. Safacam, olóko rọ́bà àti ọ̀pẹ, dé ní ọdún 2008. Socapalm, olóko ọ̀pẹ, sì dé ní ọdún 2009. Ní ọdún 2019 a da ọjà náà pọ̀ mọ́ ti Libreville, ó di ọjà kan ṣoṣo fún orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Douala sì ni ibùjókòó rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ìpín ti gba ẹnu àwa olùkọ́ kan, èmi náà fi owó oṣù mẹ́ta ra ìpín ilé-iṣẹ́ kan ní òkèèrè, tí kì í ṣe ọ̀kankan nínú àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyí. Òkìkí rẹ̀ kàn, mo sì rò pé òkìkí tó. N kò béèrè iye gbèsè tí ó wà lọ́rùn rẹ̀. Kò pẹ́ tí ohun tí mo rà fi dínkù di ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí mo san. Owó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò mi ni mo fi ṣòfò bẹ́ẹ̀. Ìtìjú yìí ni ó sún mi dé ìdí ìwé Benjamin Graham.

A bí i ní London ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1894. Ọmọ ọdún kan ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí New York, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ta àwo tánganran. Bàbá kú ní ọdún 1903, òwò náà sì bàjẹ́. Ìyá rẹ̀ yá owó ra ìpín. Nígbà tí ọjà dojú dé ní ọdún 1907, ìwọ̀nba ohun tí ó kù lọ́wọ́ opó náà bá a lọ. Báyìí ni Benjamin ṣe mọ ohun tí ìpín lè ṣe fún ilé aláìní nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Ó ka ìwé gidigidi. Ní ọdún 1914, tí ó jáde ní Yunifásítì Columbia, ẹ̀ka mẹ́ta ni ó fẹ́ gbà á ní olùkọ́, ṣùgbọ́n Wall Street ni ó lọ. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ra ìpín. Òun ń ka ìwé ìṣirò owó.

Ní ọdún 1926, ó gbọ́ pé ìwé kíkún nípa àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fi ọ̀pá gbé epo rọ̀bì wà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Washington. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀. Nínú ìwé tí àwọn ẹlòmíràn kò bìkítà láti ṣí, ó rí i pé Northern Pipe Line ti yá àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin lówó púpọ̀, wọ́n sì ń san èlé fún un. Dọ́là 65 ni a ń ta ìpín kan rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọrọ̀ tí ó wà nílẹ̀ fún ìpín kọ̀ọ̀kan tó bí dọ́là 95. Graham ra ìpín náà, ó sì lọ sí ìpàdé àwọn onípìn-ín ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1927 láti ní kí wọ́n pín owó náà. Kò sí ẹnìkan tí ó ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó fi ọdún kan bẹ àwọn onípìn-ín wò. Ní ọdún 1928 ó padà wá pẹ̀lú ìbò tí ó tó gba àyè méjì nínú ìgbìmọ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ náà gbà láti pín dọ́là 70 lórí ìpín kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìwé kà tó bẹ́ẹ̀ náà ṣubú. Owó tí ó ń bá àwọn ènìyàn fi ṣòwò tó mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1929, ó sì yá owó mìíràn kún un. Ọjà wó ní ọdún náà, ó sì ń wó lọ títí di ọdún 1932. Bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ni ó lọ. Gbèsè tí ó ba ìyá rẹ̀ jẹ́ ni ó tún bá òun náà.

Láti ọdún 1928 ni ó ti ń kọ́ni ní Columbia. Láti inú ẹ̀kọ́ náà, àti láti inú òfò náà, ni òun àti David Dodd ti kọ ìwé Security Analysis ní ọdún 1934. Òun nìkan sì kọ The Intelligent Investor ní ọdún 1949. Warren Buffett jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n to díẹ̀ nínú ìlànà rẹ̀ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú àtẹ̀jáde ọdún 1973. Èkínní, ohun tí ilé-iṣẹ́ lè sọ di owó láàrin ọdún kan gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì gbèsè tí yóò san láàrin ọdún kan náà: bí gbèsè bá jẹ́ mílíọ̀nù 40 fráǹkì, kí ohun náà tó mílíọ̀nù 80. Èkejì, gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn kò gbọ́dọ̀ ju mílíọ̀nù 40 tí ó ṣẹ́kù lọ. Ẹ̀kẹta, kí ó ti jèrè lọ́dọọdún fún ọdún 10, kí ó sì ti pín èrè fún ọdún 20 láìdáwọ́ dúró. Ẹ̀kẹrin, kí iye tí a ń ta ìpín kan má ju ìlọ́po 15 èrè rẹ̀ lọ, bí a bá ṣírò èrè ọdún mẹ́ta tí ó kọjá ní dọ́gba-n-dọ́gba. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó ní kí a rà á ní iye tí ó rẹlẹ̀ sí ohun tí ó tọ́ sí i dáadáa, nítorí pé ènìyàn a máa ṣi ìṣirò.

Graham kú ní ilẹ̀ Faransé ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976.

Nígbà tí mo wá ṣí ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ tí ó jẹ owó mi, gbèsè ọdún kan ṣoṣo ju gbogbo ohun tí ó lè sọ di owó lọ. Ó ti wà nínú ìwé kí n tó san kọ́bọ̀. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìròpọ̀ àti ìyọkúrò tí a óò máa kọ́ àwọn ọmọdé náà ni. Ẹ jẹ́ kí àwa náà lò ó kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa.