Dúró Ládípọ̀ àti Ìlù inú Ìjọ

Bí a bá dárúkọ Dúró Ládípọ̀, Ṣàngó ni ó ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, nítorí eré Ọba Kò So ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbé ẹ̀wù Ṣàngó wọ̀, olùkọ́ ni, ó sì ń ṣe orin fún ìjọ Ọlọ́run. Ìhà yìí nínú ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ó kan ẹnikẹ́ni nínú wa tí a ó bá fi ṣe olórí akọrin lọ́jọ́ iwájú.

Ìlú Òṣogbo ni a ti bí i. Joseph Oni Ládípọ̀ baba rẹ̀ jẹ́ kátíkíìsì nínú Ìjọ Áńgílíkà. Àwọn òbí rẹ̀ ti ṣòfò ọmọ púpọ̀ kí wọ́n tó bí i, nítorí náà orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ jẹ́ ẹ̀bẹ̀ pé kí ó dúró, kí ó má lọ. Ọmọ náà sì dúró. Nínú ilé, orin ìjọ àti àdúrà ni ó ń gbọ́ ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Ní òde, ìlù Òṣogbo kò dákẹ́: eégún ń jáde, arugbá sì ń lọ sí odò Ọ̀ṣun lọ́dọọdún. Ohùn méjèèjì ni ó wọ ọ́ létí.

Nígbà tí ó dàgbà, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ṣe. Ó wà ní ilé ìwé Holy Trinity ní Ọmọfẹ̀, Iléṣà, níbi tí ó ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀. Ó kọ́ni ní Ìlobùú pẹ̀lú, ó sì sọ ọ̀kan nínú eré Shakespeare di èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé lè ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ olórí akọrin ná, kí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà lè yé wa. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ọjọ́ Ìsinmi nìkan. Láàrin ọ̀sẹ̀ ni ó ń ka ẹ̀kọ́ tí a ó kà ní ìsìn, tí ó ń yan orin tí ó bá a mu, tí ó sì ń kọ́ olóhùn òkè àti olóhùn ìsàlẹ̀ títí ohùn wọn yóò fi ṣọ̀kan. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ṣáájú gbogbo èyí: kí ọ̀rọ̀ orin náà yé ìjọ. Ohùn ni ó ń ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀ nínú èdè wa. Bí a bá fi ohùn orin òyìnbó kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, ohùn náà lè gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ìtumọ̀ a sì dàrú lẹ́nu akọrin. Àwọn aṣáájú ti rí èyí ṣáájú Ládípọ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, ẹni tí ó kú ní 1930, ṣe orin tí ó bá ohùn èdè wa mu. T. K. E. Phillips, tí ó jẹ́ atẹdùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó láti 1914 títí di 1962, ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́.

Ládípọ̀ fi ẹsẹ̀ kan kún un. Ní ọdún Àjíǹde 1961, ó ṣe àkójọ orin Àjíǹde fún ìjọ All Saints ní Òṣogbo, ó sì mú ìlù dùndún wọ inú rẹ̀. Ìlù yìí ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ wa. Ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ ohun tí ó ń wí.

Inú àwọn àgbà kan nínú ìjọ kò dùn rárá. Kò yẹ kí a fi wọ́n ṣẹ̀sín. Púpọ̀ nínú ìran wọn ti fi ilé òrìṣà sílẹ̀ pẹ̀lú ìpọ́njú, ìlù sì ni a fi ń pe òrìṣà. Lójú wọn, ẹni tí ó gbé ìlù wọlé ṣí ilẹ̀kùn tí àwọn baba wọn ti tì. Ládípọ̀ ní tirẹ̀ rò pé ohun èlò ni ìlù, ọwọ́ tí ó lù ú àti ọ̀rọ̀ tí a fi í sọ ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Ọ̀ràn náà kò ní ojútùú nígbà náà, ó sì gbé orin rẹ̀ lọ sí ibòmíràn.

Ní Kérésìmesì ọdún kan náà, ó ṣe orin ìbí Olúwa ní ilé ẹgbẹ́ Mbari ní Ìbàdàn. Ní oṣù kẹta 1962, òun àti Ulli Beier ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Òṣogbo, àwọn ará ìlú sì yí orúkọ náà sí Mbáríì Mbáyọ̀. Ọba Mọ́rọ̀ ni a fi ṣí i. Ọba Kò So tẹ̀lé e ní 1963. Ní 1964 eré náà dé Berlin ní Jámánì, ní 1965 ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ládípọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe Ṣàngó. Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta 1978.

Lónìí, ìlù ń dún nínú ọ̀pọ̀ ìjọ ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kò sì sí ẹni tí ó ń fòyà. Ohun tí ayé jèrè lára Ládípọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n a kò lè mọ iye orin Àjíǹde tí ìjọ ìbá ti rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará, bí a bá fi wá ṣe olórí akọrin, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè bóyá ọ̀rọ̀ orin yé ìyá arúgbó tí ó jókòó lẹ́yìn. Bí ọmọdé kan bá sì mú ohun titun wá, kí a fi sùúrù gbọ́ ọ dé òpin kí a tó dá a lẹ́jọ́.